Abúlé Kan Tó Wà Ní Ìpínlẹ̀ Mẹ́ta Láì Ṣí Nídìí

Gbólóhùn méjì péré ló dá ọ̀ràn náà sílẹ̀. Àwa mélòó kan ń kọ ojú-ìwé kúkúrú ní èdè Yorùbá nípa àwọn ìlú àti abúlé káàkiri ayé, kí ẹni tó bá fi èdè ìyá rẹ̀ wá ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì má bàa padà lọ́wọ́ òfo. Àbúrò wa kan tó ń kàwé ní Ìbàdàn mú Iran. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti kọ ojú-ìwé tó pọ̀, gbogbo wọn sì rí bákan náà, orúkọ nìkan ló ń yí padà: "Lágbájá jẹ́ abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Yazd, ní orílẹ̀-èdè Iran. Ní ọdún 1385, iye ènìyàn ibẹ̀ jẹ́ báyìí, èdè Pẹ́ṣíà ni wọ́n sì ń sọ." Èmi ni mo máa ń yẹ iṣẹ́ wò kó tó jáde. Mo wo àmì ohùn, mo wo bí ọ̀rọ̀ ṣe tò, mo ní ó dára. Ó jáde.

Kò pé oṣù kan tí ọkùnrin kan kọ̀wé sí wa. Ọmọ Birjand ni, ní ìhà ìlà-oòrùn Iran. Ó rí orúkọ abúlé ìyá ìyá rẹ̀ nínú èdè tí kò gbọ́ rí, ó sì fi ẹ̀rọ ìtumọ̀ kà á. Ó kọ́kọ́ dúpẹ́ pé a rántí irú ibi bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún wa pé abúlé náà kò sí ní Yazd, pé ibi tí a fi àmì sí lórí máàpù kò ní olùgbé kankan, àti pé iye ènìyàn tí a kọ kì í ṣe ti ìgbà náà, kì í sì í ṣe ti ìsinsìnyí.

Mi ò ní dárúkọ abúlé náà níbí, mi ò sì ní kọ iye ènìyàn rẹ̀. Ibi tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sọ iye rẹ̀ síta ti fẹ́ẹ̀ ka orí àwọn tó wà nínú ilé kan ṣoṣo. Gbogbo nǹkan yòókù ni màá sọ.

Ọdún la kọ́kọ́ tún ṣe. Kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń lò ní Iran ń ka ọdún láti ìgbà Hijira bíi ti Mùsùlùmí gbogbo, ṣùgbọ́n oòrùn ló ń tẹ̀lé, kì í ṣe òṣùpá. Ọdún tuntun wọn, Nowruz, máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kẹta. 1385 wọn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta 2006, ìkànìyàn ọdún náà sì wáyé nínú oṣù tí wọ́n ń pè ní Aban, láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá 2006. Bí a ṣe kọ ọ́ yẹn, ẹni tó ń ka ọdún àwọn Kìrìsìtẹ́nì á rò pé ènìyàn tó ti kú ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà sẹ́yìn la kà. Alufaa tó bá sì ka 1385 ní Ilọrin á gbé e lé Hijira olóṣùpá, yóò bọ́ sí 1965 sí 1966. Ẹni méjì, ọdún méjì, kò sì sí èyí tó tọ̀nà.

Nọ́ńbà ni àṣìṣe kejì, ó sì ya àbúrò wa náà lẹ́nu, nítorí ilé-kéwú ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà Lárúbáwá. Àwọn Pẹ́ṣíà ní mẹ́rin, márùn-ún àti mẹ́fà tiwọn, tí kò rí bíi ti kéwú: ۴, ۵, ۶. Èyí ì bá má ṣe bàjẹ́ púpọ̀. Ohun tó bàjẹ́ gan-an ni pé àtẹ ìkànìyàn náà ń lọ láti ọ̀tún sí òsì. Ìdílé ni òpó àkọ́kọ́, iye gbogbo ènìyàn tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ọkùnrin, lẹ́yìn náà obìnrin. Àbúrò wa bẹ̀rẹ̀ láti òsì gẹ́gẹ́ bí ojú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lára, ó sì mú iye àwọn obìnrin bí ẹni pé òun ni iye gbogbo abúlé. Ìdajì ìlú ló pòórá bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo yẹ̀ ẹ́ wò kò ṣí àtẹ náà rárá. Ẹ̀bi yẹn, orí mi ló wà, kì í ṣe orí rẹ̀.

Ti ìpínlẹ̀ ló wá gba ọjọ́ púpọ̀ jù, ó sì yẹ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, nítorí ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìwé lè jẹ́ òótọ́, kí ènìyàn sì fi í parọ́.

Abúlé yìí wà ní agbègbè Tabas. Tabas jẹ́ ìlú kan ní etí aṣálẹ̀ ńlá àárín Iran, tó ní igi dábínù àti ọsàn, tí àwọn tó ń ré kọjá láàárín Yazd àti Mashhad máa ń rí bí ewéko tó dédé yọ láàárín iyanrìn. Láti ìgbà pípẹ́, abẹ́ Khorasan ló wà. Ní 2001, ìjọba yọ agbègbè Tabas kúrò ní Khorasan, wọ́n fi í sí ìpínlẹ̀ Yazd. Ní 2004, wọ́n pín Khorasan fúnra rẹ̀ sí mẹ́ta: Àríwá, Razavi àti Gúúsù. Tabas kò sí nínú ìpín yẹn, nítorí Yazd ló wà nígbà náà. Ní 2013, wọ́n tún yọ ọ́ kúrò ní Yazd, wọ́n fi í sí Gúúsù Khorasan, tí Birjand jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣí ìwé ìkànìyàn 1996, abẹ́ Khorasan ni yóò ti bá a. Ti 2006 àti 2011, Yazd ni. Ti 2016, Gúúsù Khorasan ni. Ilé kan kò ṣí, òkúta kan kò yí, àmọ́ abúlé náà ti gbé ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta.

Àwa Yorùbá mọ irú nǹkan báyìí. Ẹni tí wọ́n bí ní Oṣogbo ní 1950, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló ti bí i. Ní 1967 ó di ará Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ní 1976 ó di ará Ọ̀yọ́, ní 1991 ó di ará Ọ̀ṣun. Kò sí ẹni tó máa sọ pé bàbá náà ń kó kiri. Síbẹ̀, nígbà tó jẹ́ ilẹ̀ ẹlòmíràn, a rí ìpínlẹ̀ nínú ìwé kan, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé òkè ni, tí kò lè ṣí. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Báwo la ṣe wá mọ̀ dájú pé abúlé inú ìwé 2006 ni abúlé inú ìwé 2016? Orúkọ kò tó. Abúlé tó ń jẹ́ Hasanabad tàbí Aliabad pọ̀ lọ jàra ní Iran. "Ābād" túmọ̀ sí ibi tí ènìyàn ti tẹ̀dó sí, a sì máa ń fi orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó ṣáájú rẹ̀. Tiwa yìí ní orúkọ tí ẹlòmíràn ń jẹ́ nítòsí, ọ̀kan jẹ́ ti òkè, èkejì jẹ́ ti ìsàlẹ̀, àtẹ mìíràn á sì fi "òkè" àti "ìsàlẹ̀" náà sílẹ̀. Àwọn aládùúgbò la fi dá a mọ̀. Lábẹ́ ìpínlẹ̀, àgbègbè kan wà tí wọ́n ń pè ní shahrestan, lábẹ́ rẹ̀ ni bakhsh wà, lábẹ́ bakhsh ni dehestan, èyí tí í ṣe ìdìpọ̀ àwọn abúlé tó wà papọ̀. Nígbà tí Tabas ṣí ìpínlẹ̀, àwọn abúlé dehestan yìí ṣí pọ̀ ni. A kọ orúkọ gbogbo aládùúgbò rẹ̀ láti inú ìwé kan, a wá a nínú èkejì, ìgbà tí wọ́n pé jọ lọ́wọ́ kan náà la fọkàn balẹ̀. Bí ènìyàn kò bá dá ọmọ mọ̀, kó wo àwọn tí wọ́n jọ ń rìn.

Ó wá ku ibùdó. Inú àkójọ orúkọ ibi kan tí gbogbo ayé ń lò ni àbúrò wa ti mú ìbú àti òró abúlé náà. Nígbà tí mo fi àwòrán sátẹ́láìtì wò ó, ohun tí mo rí ni ògiri amọ̀ tó ti wó, láìsí òrùlé, láìsí ọkọ̀, láìsí ọ̀nà tó ní ipa táyà. Ọ̀rẹ́ wa ará Birjand sọ òótọ́. Mo ṣe ohun tí kò yẹ kí n ṣe: mo wo àyíká, mo rí ibi tó ní ewéko tútù ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta, mo gbé àmì lọ síbẹ̀, mo sì kọ̀wé sí i pé a ti tún un ṣe.

Èsì rẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì. Ibi tí mo gbé e lọ jẹ́ oko pistachio pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga jíjìn. Kò sí ẹni tó ń sùn níbẹ̀ ju ọlọ́dẹ lọ. Àmọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé oko náà ní orúkọ nínú àtẹ ìkànìyàn, ó ní ìlà tirẹ̀ láàárín àwọn abúlé!

Ìgbà yẹn ni ojú mi là sí ọ̀rọ̀ kan tí mo ti ń kọjá lórí rẹ̀ látìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àtẹ náà kò sọ pé "abúlé" lòun ń kà. "Ābādī" ló kọ. Ābādī lè jẹ́ abúlé tó ní mọ́sálásí àti ilé-ìwé. Ó sì lè jẹ́ oko, tàbí kànga pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀, tàbí ibi kan tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́. Àwọn kan tiẹ̀ wà nínú àtẹ tó jẹ́ pé ohun tí a kọ síwájú wọn ni pé kò sí olùgbé. Nínú Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti sọ di ojú-ìwé "abúlé" kí àwọn olóòtú tó ṣàkíyèsí rẹ̀ ní 2021, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n rẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èdè mìíràn ti ń ṣàdàkọ. Àwa náà ti fẹ́ fà á wá sínú Yorùbá.

Ohun tó sì dùn mí jù ni pé èdè wa ní ohun tí a nílò lọ́wọ́. Yorùbá kì í pe gbogbo ibi tí ènìyàn wà ní abúlé. A ní ìlú, a ní ìletò, a ní abúlé, a ní abà, a sì ní oko tí kò ní ilé kankan. Gbogbo ọmọ Ìbàdàn mọ̀ pé abà ni ibi tí bàbá ti ń ṣiṣẹ́, pé ilé wà ní ìgboro, pé bí ọdún bá dé tàbí òkú bá kú, ilé ni yóò padà sí. Ní Khorasan, ọ̀rọ̀ kan wà, "kalāteh", tó máa ń ṣáájú orúkọ ọ̀pọ̀ ibi kékeré, tí orúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀ á sì tẹ̀lé e. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wa ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo rẹ́rìn-ín, mo ní: "Abà ni ẹ ń sọ yẹn." Abà pẹ̀lú orúkọ baálé àkọ́kọ́, gẹ́lẹ́ bíi tiwa. Bí ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì bá so gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ọ̀rọ̀ kan, kí ló dé tí ẹni tó ń kọ Yorùbá á ju abà nù, tí á máa kọ abúlé?

A padà sí àwọn ògiri tó wó. Ọ̀nà omi ló tọ́ka ibẹ̀ fún wa. Ní ilẹ̀ gbígbẹ yẹn, omi kì í ṣàn lórí ilẹ̀. Láti ẹsẹ̀ òkè ni wọ́n ti ń gbẹ́ ihò gígùn gba abẹ́ ilẹ̀ wá, tó ń rọra sọ̀kalẹ̀ títí omi yóò fi yọ sójú ọ̀run fúnra rẹ̀. Qanat ni wọ́n ń pè é. Kànga tó jìn jù lọ lókè ni wọ́n ń pè ní ìyá kànga. Láti ibẹ̀, wọ́n á máa lu ihò sísàlẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ láti kó iyẹ̀pẹ̀ jáde àti láti fún òṣìṣẹ́ ní afẹ́fẹ́. Ajọ UNESCO fi qanat mọ́kànlá ní Iran sínú àwọn ohun àjogúnbá ayé ní 2016. Láti ojú sátẹ́láìtì, àwọn ihò náà rí bí òkìtì èèrà tó tò tẹ̀léra wọn. Ẹni tó bá tẹ̀lé wọn wá sísàlẹ̀ yóò bá ibi tí omi ti yọ, abúlé àtijọ́ kì í sì í jìnnà síbẹ̀.

A tẹ̀lé tiwa. Orí àwọn ògiri tó wó ló já sí. Àkójọ orúkọ náà kò parọ́, ó kàn ti pẹ́ ni. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án 1978, ìmìtìtì ilẹ̀ tó lágbára wó Tabas àti àwọn abúlé àyíká rẹ̀ palẹ̀, ènìyàn tó lé ní 15,000 ló bá a lọ. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé náà, òrùlé wọn tó wúwo sì ló já lu àwọn tó wà nínú ilé. Ìyá ìyá ọ̀rẹ́ wa sọ fún un pé àwọn tó kù kò fẹ́ sùn lórí ilẹ̀ tó gbé ọmọ wọn mì. Wọ́n tún ilé kọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà mọ́tò, ní ìlà títọ́. Ọgbà wọn kò ṣí, nítorí omi kò ṣí. Títí di òní, bí wọ́n bá ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ògiri náà, wọ́n máa ń sọ pé àwọn ń lọ sí abúlé. Bí wọ́n bá ń padà, wọ́n ń lọ sí ilé. Ibùdó kan ṣoṣo kò lè gba ọ̀rọ̀ yìí. Àmì méjì la fi sí ojú-ìwé náà, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí.

Iye ènìyàn ló gbẹ̀yìn, òun ló sì mú mi ronú jù. Nínú ìwé 2006, abúlé náà ní iye. Nínú ti 2011, iye náà ti rẹlẹ̀. Nínú ti 2016, iye náà kò sí mọ́: bí ìdílé ibì kan bá kéré jù, àmì ni wọ́n máa ń fi rọ́pò rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi iye mọ ẹni tó ń gbé níbẹ̀. Àbúrò wa rí àmì yẹn, ó ní òun fẹ́ kọ pé "kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́". Mo ní kó dúró. Àmì yẹn kò túmọ̀ sí òfo. Ìlà ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ fún ibi tí kò ní olùgbé.

A bẹ ọ̀rẹ́ wa pé kó pe bàbá kan tó ṣì wà níbẹ̀. Ó pè é ní "amu", tó jẹ́ arákùnrin bàbá ẹni, bí àwa náà ṣe ń pe àgbà tí kò bí wa ní bàbá. Ó bi í pé ènìyàn mélòó ló kù. Bàbá náà kò dáhùn tààrà. Ó béèrè pé ti ìgbà wo, ṣé ti ìgbà òtútù ni àbí ti ìgbà ìkórè? Nígbà ìkórè, àwọn ọmọ á ti Mashhad, Yazd àti ìlú Tabas dé, ilé á kún. Nígbà òtútù, ẹ ó ka agogo ọ̀sán kí ẹ tó gbọ́ ilẹ̀kùn kan. Ọ̀dá tó mú ìhà ìlà-oòrùn náà fún ọdún púpọ̀ ti sọ qanat wọn di tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn kànga ẹlẹ́rọ tí wọ́n gbẹ́ nítòsí sì ń fa omi kan náà láti ìsàlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wá iṣẹ́ lọ, àwọn kan wọ ibi ìwakùsà èédú.

Mo ní kó bi í ní ọ̀nà mìíràn: ìdáná mélòó ló ń rú èéfín lóru òtútù? Bí Yorùbá ṣe máa béèrè nìyẹn, àwọn tó ń jẹ nínú ìkòkò kan náà. Ó sì bá ti àwọn olùkànìyàn Iran mu, nítorí àwọn tó ń gbé pọ̀, tí wọ́n jọ ń náwó, tí wọ́n sì jọ ń jẹun ni wọ́n ń kà sí ìdílé kan. Bàbá náà dáhùn lẹ́sẹ̀ kan náà, ó ń dárúkọ ilé kọ̀ọ̀kan. Iye tó sọ bá àmì inú ìwé 2016 mu rẹ́gí. A kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Ohun tó sọ fún wa ni pé abúlé náà wà láàyè, ó sì tó.

Maymand wá sí mi lọ́kàn níbẹ̀, abúlé inú àpáta ní ìpínlẹ̀ Kerman tí UNESCO forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2015. Àwọn darandaran ibẹ̀ ń gbé inú ihò àpáta nígbà òtútù, wọ́n á sì bá ẹran lọ sí ibùdó mìíràn bí ojú ọjọ́ bá yí. Ẹni tó bá kọ iye ènìyàn Maymand láìsọ oṣù, kí ló kọ?

Lórí èdè, gbólóhùn wa àkọ́kọ́ tọ̀nà, ṣùgbọ́n orí ṣe é ni. Kò sí òpó èdè nínú àtẹ abúlé náà. Àbúrò wa rò pé nítorí Iran ni, Pẹ́ṣíà ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn elédè Lárúbáwá wà ní Gúúsù Khorasan kan náà, Baluchi wà lápá ìlà-oòrùn, àìmọye ènìyàn ní Iran ló sì ń sọ Tọ́kì, Kọ́dì, Gilaki àti Luri nílé. Ohùn bàbá náà lórí fóònù ló fún wa ní ẹ̀rí: Pẹ́ṣíà ni, ti Tabas, pẹ̀lú ohùn tí ọ̀rẹ́ wa ní àwọn ará Tehran máa ń fara balẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́.

Láti ìgbà náà, bí àbúrò kan bá gbé ojú-ìwé abúlé wá fún mi, mi ò kọ́kọ́ wo àmì ohùn mọ́. Mo máa ń ní kó ṣí àtẹ náà sójú mi, kó fi ìka tọ́ka òpó tó kà. Mo máa ń bi í pé ọdún ta ni, ìpínlẹ̀ ìgbà wo, àwọn aládùúgbò dà, àti pé lójú rẹ̀, ṣé abúlé ni àbí abà. Bí kò bá lè sọ èyí tó kẹ́yìn yìí, ojú-ìwé náà á dúró. Nínú ojú-ìwé Iran tí a ti kọ, a yọ èyí tó ju ìdajì lọ kúrò, ó sì dun àbúrò wa, nítorí òru ló fi kọ wọ́n. Èmi náà bá a jókòó, a jọ tún ìyókù kọ.

Ti abúlé yìí ti padà síta. Ohun tó sọ nìyí: "Abúlé kékeré ni, ní agbègbè Tabas, tó wà lábẹ́ Gúúsù Khorasan láti 2013, ṣáájú ìgbà náà ó wà lábẹ́ Yazd, àti ṣáájú 2001, lábẹ́ Khorasan. Ibùdó rẹ̀ àtijọ́ wó nínú ìmìtìtì ilẹ̀ 1978, àwọn ará ibẹ̀ sì tún un tẹ̀ dó sí ẹ̀bá ọ̀nà. Nínú ìkànìyàn oṣù Aban 1385, ìyẹn 2006, wọ́n kọ iye rẹ̀. Nínú ti 2016, ìdílé ibẹ̀ kéré ju èyí tí wọ́n ń tẹ iye rẹ̀ jáde lọ." Iye 2006 wà níbẹ̀, láti inú òpó tó tọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, ohùn kan wà tí ènìyàn lè tẹ̀ kó gbọ́. Bàbá náà ló pè é, ẹ̀ẹ̀mejì, ó rọra pe èkejì fún àwa tí a kò mọ̀ ọ́n pè.